Ìdí Tí Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fi Sí Lára Ìwé Ìṣirò Mọ́

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ báyìí tí àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró lójú títì, tí wọ́n ń yọrí wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ lù mí. Ọ̀kan ní, "Ìyá aránṣọ, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n yín jí ìwé yẹn kọ ni, tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò?" Òmíràn ní òun gbọ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú, pé ìṣirò ti pọ̀ jù lágbárí rẹ̀. Èyí tó dùn mí wọ egungun ni obìnrin tó wá gba búláòsì rẹ̀, tó fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, tó ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, màmá. Àgbà ló ń dé sí bàbá." Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo gba owó mi. Ṣùgbọ́n búláòsì kejì tó gbé wá, tó fún un lọ́rùn débi pé kò lè gbé itọ́ mì, kì í ṣe àṣìṣe.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ó ń bí mi láti àárọ̀ tí mo bá ti jí. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á, kí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ sì gbẹ́nu rẹ̀ dákẹ́. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Tí ẹ bá rí kọ́mà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ fọwọ́ ara yín mú un kúrò níbẹ̀.

Kápẹ́ńtà ni bàbá wa. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé, pálọ̀ náà gan-an kì í ṣe tiwa tán, torí pé pákó ló ń gbébẹ̀ jù wá lọ. Tá a bá jẹun, ìyẹ̀fun pákó á wà nínú abọ́. Tá a bá sùn, á wà nínú irun wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá bàbá di ìdí kejì pákó mú. Ó sì wà lára ìṣe bàbá wa pé kì í kan ìṣó mọ́ nǹkan kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé pákó tó gé náà padà lọ síbi tó ti wọ̀n ọ́n. Ó lè ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò kàn án. "Dá a padà síbẹ̀ kí n rí i," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ gé pákó kan fún pẹpẹ tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ògiri oníbàárà. Ó ti gùn díẹ̀ nígbà yẹn, ó ti ń ro ara rẹ̀ sí ọ̀gá.

"Bàbá, kò nílò kí n dá a padà. Mo ti wọ̀n ọ́n dáadáa."

Bàbá ò gbójú sókè. "Kì í ṣe ẹnu ẹ ló máa sọ fún mi. Ògiri ló máa sọ."

Ó gbé e dé ibi ògiri. Kò tó. Ó ku bí ìbú àtàǹpàkò. Bàbá wa ò lù ú, kò bú u, ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń súfèé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé súfèé yẹn dun òun ju ẹgba lọ, àti pé láti ọjọ́ yẹn lòun ò ti gba ẹnu ara òun gbọ́ mọ́.

Ó gbé àṣà yẹn dé ilé-ìwé. Tí wọ́n bá fún un ní ìṣirò, tó bá rí ìdáhùn, kò ní fàlà sí i nídìí kó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á mú ìdáhùn yẹn, á dá a padà sínú ìbéèrè, á wò ó bóyá ó wọlé. Tíṣà wọn nà án nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fi ìwé ṣòfò.

Bàbá wa kú nígbà tí mò ń parí ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà ní yunifásítì. Ìyá wa pè mí síbi tí wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ní kí ẹni tó ti dé ìdajì ọ̀nà parí tirẹ̀ ná. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ aránṣọ nìyẹn. Mi ò sunkún rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ má sọ pé kí n má mẹ́nu bà á.

Ó kàwé, ó kàwé, ó tún kàwé, títí tí wọ́n fi ní kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíì. Dá-a-padà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é. Tó bá kọ ìdáhùn sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á pariwo, "Dá a padà, sà!" Wọ́n ní ọjọ́ tó fẹ́ gbéyàwó, ó dá obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti wá lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ó dá mi padà lóòótọ́, bàbá mi ló ní òun ò gbà mí mọ́." Obìnrin dáadáa ni. Ó ti re ibi àgbà ń rè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí ní yunifásítì, torí pé ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àná.

Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń wọlé wá bá a lọ́dọọdún, àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n, ń bẹ̀rù ìṣirò bí ẹni bẹ̀rù ajá. Ó ní kì í ṣe ibi tí òun wà ni wọ́n ti fọ́ wọn lórí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní òun máa kọ ìwé fún àwọn ọmọdé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀. Tó bá kọjá ní kọ́rídọ̀, wọn á ní, "Ọ̀mọ̀wé ọlọ́sàn, ọsàn méjì àti ọsàn mẹ́ta jẹ́ mélòó lónìí?" Nígbà tó tó àkókò kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n gbé ìwé tó kọ kalẹ̀, wọ́n ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ìwé ọmọdé ni. Wọ́n fi ẹni tó kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àpótí, ó ń ká rìbọ́ọ̀nù ìwọ̀n mi, ó ń tú u, ó ń ká a. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n lọ bá wọn." Ó ní, "Kí lo fẹ́ bá wọn sọ?" Mo ní mi ò tíì mọ̀, màá mọ̀ tí mo bá débẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde lọ. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì kí wọ́n tó fún un ní orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn.

Báyìí, ìwé náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n mi jí ìwé kọ, kí ó wá bi maṣíìnì mi.

Ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì yẹn ló ti kọ ọ́, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gbé tábìlì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ mi, á kọ ojú ìwé kan, á nà án sí mi. Ó ní èmi ni òun ń kọ ọ́ fún, torí pé ibi tí mo ti dúró nínú ìwé gan-an ni àwọn ọmọ tó fẹ́ kà á wà. Ẹ ò rí nǹkan! Ìwé tí wọn ò jẹ́ kí n kà parí ló wá di iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí.

"Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi."

"Ojú ẹ ò jọ ti ẹni tó yé."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ní ó yé mi. Mo ní aṣọ ìyàwó nílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."

"Ṣe é kí n rí i."

Mi ò ní lè ṣe é. Á gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, á fà á ya. Kò bú mi rí. Ó ní, "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ, ìwọ kọ́ lo ò mọ̀ ọ́n kà," á sì tún un kọ. Iṣẹ́ mi ni kí ó má yé mi, mo sì mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Àwọn ojú ìwé kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti kú kí wọ́n tó jíǹde.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí kò ti gbọ́ tèmi. Tó bá di ìbéèrè kọkàndínlógójì, gbogbo nǹkan ṣì wà lójú táyé: ìgbà mẹ́ta méje, fi márùn-ún kún un, ó di mélòó? Kò nira. Àfi bó ṣe di ogójì tó ní òun mú nọ́ńbà kan, òun ò ní sọ ọ́, òun sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, òun fi márùn-ún kún un, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ni nọ́ńbà náà? Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé mi fò kọjá kòtò kan níbí o." Ó ní kò sí kòtò níbẹ̀. Mo ní ó wà. Ó ní kò sí. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́, àwọn ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé wá pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń já bọ́ sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni jẹ gbèsè, ó ní, "Kòtò wà níbẹ̀." Ó fi ìbéèrè kékeré kan sáàárín: mo mú nọ́ńbà kan, mo fi márùn-ún kún un, ó di mẹ́rìnlá, kí ni nọ́ńbà náà? Nǹkan kan ṣoṣo ló pamọ́, nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe sí i. Èyí ló wá di ogójì, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sún síwájú, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀ ló máa ń ka nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ léra. Ìbéèrè ogójì, tèmi ni. Títẹ̀ kejì yẹn náà ló fi ọ̀rọ̀ kan sí ojú ìwé iwájú, òun nìkan lójú ìwé funfun: "Fún àbúrò mi, tí kò jẹ́ kí n purọ́ fún ara mi pé ó yé e." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi gún ìka ara mi lábẹ́rẹ́.

Ohun kan tún wà. Kò sí ìdáhùn lẹ́yìn ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi àáké kọ́rí lórí ìyẹn. Ó kọ́ àwọn ọmọ láti dá ìdáhùn wọn padà sínú ìbéèrè, kí ìbéèrè fúnra rẹ̀ sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á. Ó ní ọmọ tó bá ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wò, ẹnu ẹlòmíì ló ń gbà gbọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó kọ ìdáhùn sórí bébà fún ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀wé, kí wọ́n fi máa yẹ iṣẹ́ wọn wò nínú ilé lọ́hùn-ún. Kò ní kí wọ́n fi síta.

Ìwé náà rìn. Èèpo rẹ̀ aláwọ̀ ewé wà lórí àga, lábẹ́ àga, nínú báàgì ọmọ tó mọ̀wé àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó fi kọ́ ìṣirò ti ń bí ọmọ tó ń fi kọ́ ìṣirò.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń pariwo "Dá a padà, sà!" nìyẹn. Ó ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé náà lọ́tun, pẹ̀lú àwòrán tuntun, pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwòrán dáa, ìdáhùn ò dáa. Ọ̀gá ní kò burú, sà, ẹ ti wí i. Ó jẹ́ pé àkókò yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kò lè kàwé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé láìjẹ́ pé òun fojú yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo ń fa ọwọ́ rẹ̀ kiri ilé, èmi ni mo ń kán oògùn sí i lójú, kò sì wá sí ìkankan nínú wa lọ́kàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ẹni lè dúró de ìgbà téèyàn ò ríran.

Ọmọ ọmọ mi ló tú àṣírí. Obìnrin ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó sì lẹ́nu bí ìyá rẹ̀. Ó ti ilé-ìwé dé, ó ju báàgì sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, tíṣà fagi lé gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá! Mo sì dá a padà, ó wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè, níbi tó ń gbé lórí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìwé ọmọ náà súnmọ́ imú.

"Mo mú nọ́ńbà kan, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, mo fi márùn-ún kún un, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. O kọ méje. Ìgbà mẹ́ta méje, mọ́kànlélógún. Márùn-ún lé e, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó gbà á. Kí ló dé tó fagi lé e?"

"Wọ́n ní ẹ̀yìn ìwé sọ pé méjìlá ni, Bàbá àgbà. Wọ́n ní kí n má bá ìwé jiyàn."

"Ẹ̀yìn ìwé wo?"

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gba ilé-ìwé lọ. Tíṣà náà jókòó sẹ́yìn tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ń fi báírò pupa fagi. Ẹ̀gbọ́n mi kí i dáadáa, ó ṣàlàyé dáadáa, ó dá méje padà sínú ìbéèrè lójú rẹ̀. Ó tún dá méjìlá padà síbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta méjìlá, mẹ́rìndínlógójì, fi márùn-ún kún un, mọ́kànlélógójì. Ṣé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn?

Tíṣà ò wo bébà. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó fi ìka tẹ ibi tí méjìlá wà. "Bàbá, ẹ wò ó. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ìwé lọ ni?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Obìnrin yẹn wò ó láti orí fìlà rẹ̀ tó ti ṣá dé bàtà rẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi gán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín o! Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ mú bàbá lọ sílé kí wọ́n sinmi."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ ń ríran, iṣẹ́ abẹ kankan ò kàn ẹ́ lójú, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti mọ́kànlélógójì wá di nǹkan kan náà lójú ẹ?" Mo ṣì ní ohun tí mo fẹ́ sọ tó pọ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi dì mí lápá mú. Kò wo tíṣà, kò wò mí. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ló ń wò, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ó wá ní, lóhùn jẹ́jẹ́, "Èyí tó tẹ̀ lé e ni. Ìdáhùn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi síbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ogójì lọ dé òpin."

Ó ti yé yín, àbí? Bébà ìdáhùn ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n wá jí gbé jáde, kí wọ́n tó fi ìbéèrè tèmi kún un. Gbogbo rẹ̀ fi ẹyọ kan yẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìbéèrè tó kẹ́yìn pátápátá, ìdáhùn tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? "Bi olùkọ́ rẹ." Tí kì í bá ṣe pé mò ń bínú, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

A lọ bá ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ amúlétutù, àga tó ń yí, ìwé aláwọ̀ ewé tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì.

"Bàbá wa! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó dùn mí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá rọra yí àga rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣùgbọ́n sà, ọwọ́ yín ló kọ àwọn ìdáhùn yẹn."

"Kí n tó fi ìbéèrè kan kún un ni."

"Kí lẹ fi kún un fún, sà?"

"Nítorí àbúrò mi."

Ọ̀gá wá gbójú sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, Màmá! Àṣé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Mo dìde. "Èmi kẹ̀? Wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ tẹ ìdáhùn, o tẹ̀ ẹ́. O dúró dìgbà tí wọ́n di ojú ẹni tó kọ́ ẹ, o sì yọ́ wọlé bí ológbò. O tẹ̀ ẹ́ tán o ò lè dá ẹyọ kan padà wò, ìwọ tí ò ń fi pariwo ní kíláàsì! Èmi wá ni mo bà á jẹ́? Mo kí ẹ, ọ̀gá. Orí ẹ pé."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀."

"Mi ò fara balẹ̀! Ara mi ò sí nílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé náà padà. Ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní, "Sà, láti ìgbà tó ti jáde, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, tíṣà mélòó ló kọ̀wé wá pé ìdáhùn ò bára mu? Kò sí. Kò sí ẹyọ kan. Inú wọn ń dùn. Kí ló wá kù?"

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá fọ́ ọ létí, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ wí, dá a padà, dá a padà, kò sí ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọ tó ṣe é, wọ́n fagi lé wọn.

Ó dìde dúró. "Yọ ìdáhùn yẹn kúrò, tàbí kí o yọ orúkọ mi."

"Sà, ìwé tí kò ní ìdáhùn, àwọn tíṣà ò ní gbé e." Ó tún yí àga. "Ẹ má bínú o, ìwé aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń pè é. Èèpo ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ."

"Ó dáa. Yọ ọ́."

Ọ̀gá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, bébà ló nà sí i kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tá a délé, mo kọjú ìjà sí ẹ̀gbọ́n mi, àgbà tàbí kò jàgbà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti bọ́ aṣọ ọrùn yín fún olè, ẹ tún bá a di bọ́tìnnì rẹ̀. Iṣẹ́ ayé yín! Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi yín ṣẹlẹ́yà! Kí lẹ fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni báyìí?"

Ó ní, "Tí mo bá fi orúkọ mi sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọ tó ṣe é bó ṣe yẹ tí wọ́n fagi lé e, èmi ni mo fagi lé e. Ọmọ ọmọ ẹ, èmi ni mo fagi lé e. Ṣé ìyẹn lo fẹ́?"

"Àti èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mi tó wà níwájú ìwé ńkọ́? Ṣé wọ́n máa yọ orúkọ yín kí wọ́n fi àbúrò yín sílẹ̀? Àbúrò ta ni?"

Ó jókòó sórí àpótí, ó nawọ́ sí rìbọ́ọ̀nù ìwọ̀n mi, kò ká a. Ó ní, "Mi ò dá ìyẹn padà wò."

A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, nínú ilé kan náà. Ọmọ ọmọ mi ló ń gbé tíì lọ fún un lókè.

Títẹ̀ tuntun jáde. Mo rà á, mo tú u níbi tí mo dúró sí. Kò sí orúkọ. Ojú ìwé funfun iwájú, ó funfun lóòótọ́. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ràbàtà. Mo wá ṣí i dé ogójì, kí n wò ó bóyá wọ́n tilẹ̀ tún un tò.

Wọn ò tún un tò. Ìbéèrè tèmi ni wọ́n yọ kúrò. Ó rọrùn fún wọn bẹ́ẹ̀: kí wọ́n yọ ẹyọ kan, gbogbo nǹkan á bá bébà àtijọ́ mu. Kòtò náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ máa já bọ́ síbẹ̀.

Mi ò pariwo. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi, èyí ńlá tí mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà láyé mi, mo gé gbogbo ìdáhùn yẹn kúrò létí ìdè ìwé, ó mọ́ bí ìgbà tí mo gé etí aṣọ. Mo fi báírò kọ ìbéèrè mi sí àlàfo lẹ́yìn ìkọkàndínlógójì. Níwọ̀n bí wọ́n ti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ ní "mọ́kàndínlógójì àti ààbọ̀." Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí èèpo. Ọmọ ọmọ mi gbé e lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn wá pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fún pọ̀. Ìyá mìíràn gbé wá. Mo ń gé, mo ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ìwé kan lórí òkìtì náà, ó rí orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kó o kọ ọ́ síbẹ̀? Mo ní mi ò fẹ́ orúkọ mi lórí ìwé yìí."

"Ìwé wo? Ẹ ṣí i ná."

Ó ṣí ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣí i dé ibi kòtò, ó rí ìbéèrè mi pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó fi ẹnu ṣe é: mẹ́sàn-án. Ó fi márùn-ún kún mẹ́sàn-án, ó di mẹ́rìnlá. Ó wo "mọ́kàndínlógójì àti ààbọ̀" yẹn, ó tún un kà sókè. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ fagi lé orúkọ rẹ̀. Ojú ìwé funfun iwájú ló ṣí, ó tẹ̀ ba lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó gbé imú rẹ̀ lé e, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mi padà síbẹ̀. Fún àbúrò mi. Lórí gbogbo òkìtì náà, ìwé kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Èmi ń gé, òun ń kọ. A ti ń bára wa sọ̀rọ̀, ìjà la sì sábà máa ń jà. Àwọn ìdáhùn tí mo gé kúrò, mo fi ń we abẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ rán ọkùnrin kan onítáì sí mi pé mò ń ba ọjà àwọn jẹ́, pé kí n jáwọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, torí pé ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ṣé ọ̀gá rẹ̀ ti dá ẹyọ kan padà wò báyìí. Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní kó wá jókòó, kí n kọ́ ọ. Ó ní òun ń kánjú. Mo ní kó kí ọ̀gá rẹ̀ fún mi, kó sì sọ fún un pé sísọ́ọ̀sì mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ọn ni.